Irọ́ Tó Di Ẹjọ́: Bí Òfin Jìbìtì Ṣe Dé Nàìjíríà

Kì í ṣe gbogbo irọ́ ló ń gbé ènìyàn dé iwájú adájọ́. Irọ́ máa ń di jìbìtì nígbà tí ẹni tó ń pa á bá mọ̀ pé irọ́ ni, tí ẹni tó gbọ́ ọ gbà á gbọ́, tó sì torí rẹ̀ yọ owó tàbí ẹrù sílẹ̀.

Ó pẹ́ kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀. Òṣùwọ̀n èké, tó lè pa gbogbo ọlọ́jà lára, ni ìjọba ń bá wí. Ẹni tó fi ẹnu lásán gba tọwọ́ ẹnì kan lè mú un jẹ. Lọ́dún 1703, ọkùnrin kan gba ogún pọ́n-ùn nípa sísọ pé ẹni tó ni owó ló rán òun. Adájọ́ àgbà Holt ní kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti pe ènìyàn lẹ́jọ́ torí pé ó sọ ẹlòmíràn di òmùgọ̀. Ọdún 1757 ni àwọn aṣòfin sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbogbò láti fi irọ́ gba owó tàbí ẹrù.

Lọ́dún 1889, ẹjọ́ Derry àti Peek tún là á yé gbogbo ayé. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro kan ní Plymouth kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń wá olówó pé òun láṣẹ láti fi ẹ̀rọ oníooru fa ọkọ̀. Ìjọba kò sì fọwọ́ sí i. Owó Peek, tó ra ìpín níbẹ̀, ṣègbé, àmọ́ àwọn adájọ́ dá àwọn olùdarí láre: ohun tí wọ́n kọ, òótọ́ ni wọ́n kà á sí. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ọ̀nà Ọsirélíà ni irú òfin yìí gbà dé Nàìjíríà: ìwé òfin ọ̀daràn tí Samuel Griffith kọ fún Queensland níbẹ̀ ni Lugard, aṣàkóso tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá, mú wọ Àríwá Nàìjíríà lọ́dún 1904, ó sì kárí ilẹ̀ yìí lọ́dún 1916. Abala 418 rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé tàbí ìṣe lè jẹ́ irọ́ ìtànjẹ, bó bá ti kan ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó yáwó tọkàntọkàn, tí kò wá rí i san, gbèsè ló jẹ, kò lu jìbìtì. Abala 419 ló gbé ìyà kalẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méje bí ohun tó gbà bá tó ẹgbẹ̀rún náírà.

Ìyà náà kéré sí ohun tí gbájúẹ̀ ń kó lọ. Láti 1995 sí 1998, Emmanuel Nwude pe ara rẹ̀ ní gómìnà Báńkì Àpapọ̀, ó ń ta iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Àbújá tí kò sí níbì kan. Mílíọ̀nù 242 dọ́là ló bọ́ lọ́wọ́ Banco Noroeste ti Bràsíl. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó rán an lẹ́wọ̀n lọ́dún 2005. Òfin tuntun jáde lọ́dún 2006: ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún, láìsí owó ìtanràn dípò rẹ̀, arúfin yóò sì dá ohun tó gbà padà fún ẹni tó tàn.