Ìwé Ìtàn àti Ẹnu Àgbà: Ọ̀nà Ìṣèwádìí Nípa Ìlú Ìmínì

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí nípa Ìmínì ní Afijió sábà máa ń gbára lé ìwé ìtàn Samuel Johnson. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé orísun onípò-kejì ni. Ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni Johnson ti gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897, àfọwọ́kọ náà sọnù, Obadiah àbúrò rẹ̀ sì tún un kọ kí ó tó jáde ní 1921. Nínú iṣẹ́ tí Bíòbákú darí láti 1956, ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìmọ̀ èdè àti ìwalẹ̀pìtàn ni wọ́n pa pọ̀. Nítorí náà, kí a fi ìwé wé oríkì ìdílé, ọ̀rọ̀ àgbà àti ètò ilẹ̀ Ìmínì. Igi kan kì í dá igbó ṣe.