Ọjọ́ Tí Òṣùpá Bo Oòrùn Lójú: Àrọ́bá, Ìtàn àti Iṣẹ́ Awo

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Àrọ́bá ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé orí èyí tí ojú tèmi rí.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Bí a bá bi í ní ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó ń rákòrò lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru." Àsọdùn la pè é. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo kà á pé ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bo oòrùn pátápátá. Òjìji rẹ̀ ti Bùràsíìlì la òkun kọjá, ó gba Accra, Lomé àti Àjàṣẹ́, ó sì dé Èkó lọ́sàn-án. A wá ṣírò rẹ̀: ọmọ tó ń rákòrò nígbà náà, apá ìparí ọdún 1946 ni wọn yóò ti bí i. Bí ohun tí a pè ní àsọdùn ṣe di ẹ̀rí nìyẹn.

Irú òjìji bẹ́ẹ̀ ti kọjá lórí erékùṣù Principe, tí kò jìnnà sí etíkun wa, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919. Onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Eddington, wá síbẹ̀ láti ya fọ́tò àwọn ìràwọ̀ tó wà nítòsí oòrùn, torí Albert Einstein ti sọ pé òòfà oòrùn a máa mú kí ìmọ́lẹ̀ wọn tẹ̀. Fọ́tò wọ̀nyí, pẹ̀lú èyí tí wọ́n yà ní Sobral ní Bùràsíìlì, gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ti Maiduguri. Lóru ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2001, òjìji ayé bo òṣùpá. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ìlú ló fà á, ni wọ́n bá kọ lu àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Òkùnkùn ojú ọ̀run náà ni. Ẹnì kan béèrè pé, "Báwo ló ṣe ń rí?" Àwọn yòókù béèrè pé, "Ta ló ṣẹ̀?" Ìbéèrè ló yàtọ̀.

Nígbà tí ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 ń bọ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ ṣáájú kí ará ìlú má baà dààmú. Accra àti Lomé ni òjìji gidi náà gbà kó tó yà sí òkè Ọya. Ti Ìdànrè kò bò tán, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù lára oòrùn.

Ọjọ́rú ni. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Òdòde, nísàlẹ̀ òkè tí àwọn baba wa sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀ ní ọdún 1923. Atẹ́gùn tutù. Àpáta tó máa ń tàn yòò di àwọ̀ eérú. Àwọn adìyẹ dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé máńgòrò bọ́ sílẹ̀, tó máa ń rí róbótó, wá rí bí òṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé; àìmọye òṣù nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi gbé asẹ́ sókè, ihò asẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ká má purọ́, mo ti kà á níwèé, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, síbẹ̀ orí mi wú.

Ibẹ̀ la wà tí aládùúgbò mi kan fi sáré wọlé. "Baba, ẹ gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ o! Ẹ sọ ẹni tó ń ṣe èyí fún wa." Kí n tó dáhùn, ó ti dárúkọ ìyá arúgbó kan ní àdúgbò. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí ju ti òkùnkùn lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu babaláwo, ilé ìyá náà lè jó kí oòrùn tó là tán.

Mo bi í pé, "Ṣé o rí òṣùpá lánàá?" Ó ní rárá. Mo ní, "Òun ló wà níwájú oòrùn yẹn. Jókòó, yóò kọjá." A jókòó, à ń wo ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ àwọn òṣù kéékèèké náà ń sanra, títí wọ́n fi di róbótó. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí òṣù tuntun fi lé. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá pè mí kí n wá wò ó.

Àwọn baba wa tó ń ti ìgbà tí òṣù bá lé ka oṣù ní ìmọ̀ yìí lọ́wọ́: àfi ìgbà tí òṣùpá bá pamọ́ nìkan ló lè bo oòrùn. Èmi ò sọ pé kí ẹni tí àyà rẹ̀ bá já má wá dífá. Kó wá, Ifá yóò bá a sọ̀rọ̀ orí rẹ̀ àti ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí awo máa dárúkọ ènìyàn sí òjìji òṣùpá, ìyẹn kọjá àṣẹ wa.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ bi àwọn àgbà tó kù nílé yín pé, "Níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún, kí wọ́n tó wọ káà ilẹ̀ lọ.