Àbàtà Bá Odò Tan: Ìtàn Ilé Kíkọ́ Lórí Irà Èkó

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹni tó bá yẹ ìtàn ilé kíkọ́ ní Èkó wò yóò rí i pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn aláṣẹ àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ti ń ṣe bí ẹni tó gba àbàtà gbọ́. Bí wọ́n bá gbé ètò ilé tuntun kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń yanjú ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gbé ibẹ̀. Ibi tí omi yóò gbà lọ àti ibi tí ọkọ̀ yóò gbà jáde, ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ilé bá dúró tán.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Yorùbá kò fi orúkọ kan náà pe gbogbo ilẹ̀ olómi. Àkúrọ̀ ni ilẹ̀ tútù tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irà ni ibi tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Àbàtà ni ibi tí omi ti ń sinmi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ ilé nínú wọn.

Ojú ọ̀tá ni ìjọba amúnisìn fi wo irà. William MacGregor, tó di gómìnà Èkó ní 1899, jẹ́ dókítà, ibà àti ẹ̀fọn ló sì gbé ogun tì. Odò àgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, èyí tó wà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n fi fa omi irà kúrò nílẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, òfin tuntun tẹ̀ lé e ní 1928, òun ló sì dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀. Iṣẹ́ àjọ náà kò kéré, ṣùgbọ́n láti 1955 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó, tó sì ń kó àwọn ẹbí lọ sí Sùúrùlérè, níbi tó jìnnà sí ọjà àti sí àwọn ará wọn.

Maroko ni ọ̀rọ̀ náà ti wá dójú ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ti lé kúrò níbòmíràn ní Èkó kí wọ́n tó tẹ̀dó sí etí omi náà. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun lábẹ́ Raji Rasaki fún wọn ní ọjọ́ méje péré. Ó ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, omi lè bò ó, àyíká rẹ̀ kò sì mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katakata wọlé. Iye tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé.

Ìjọba kò purọ́ nípa omi: ilẹ̀ Maroko rẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irà tó léwu fún apẹja àti alágbàṣe, báwo ni kò ṣe ní léwu fún ọlọ́rọ̀? Yanrìn ni wọ́n dà sí i, àwọn ilé olówó ńlá sì dìde lórí rẹ̀. Àdúgbò Oníru wà lórí apá kan ilẹ̀ náà lónìí. Àwọn onílé díẹ̀ tí ìjọba wá ibùgbé mìíràn fún, ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Ilasan àti Ikota ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí. Wọ́n kó wọn kúrò lórí irà, wọ́n sì kó wọn sórí irà.

Lẹ́yìn ọdún méjì ni òfin nọ́ḿbà 86 ti 1992 dé, tó ní kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n ihò wà lára rẹ̀. Ilé kíkọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló kà mọ́ àwọn iṣẹ́ tí àyẹ̀wò kíkún jẹ́ dandan fún. Bí ogún oníṣòwò bá wá da yanrìn sí hẹ́kítà mẹ́wàá-mẹ́wàá ńkọ́? Igba hẹ́kítà irà ti lọ, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó dé orí ìwọ̀n. Ọgbà ìpamọ́ ẹranko tó wà ní Lẹ́kìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún kan náà tí wọ́n wó Maroko, kò ju hẹ́kítà 78 lọ.

Yanrìn kì í pa omi run, ṣe ló ń tì í sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹni tó bá gbé ilẹ̀ tirẹ̀ ga ti sọ ilẹ̀ ẹnìkejì di kòtò, ìyẹn náà yóò sì tún wá yanrìn tirẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, omi wọ ilé káàkiri Èkó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí omi ṣe rí ni ọkọ̀ náà rí. Òpópónà Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 50, ni ẹnu ọ̀nà ọgọ́ọ̀rọ̀ àdúgbò olódi kọjú sí. Wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gba owó ibodè lórí rẹ̀ láti ìparí 2011 títí di 2020, síbẹ̀ géètì tuntun kò yéé ṣí sí i.

Ní 2023 àti 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tún gbé katakata lọ sí Ikota àti agbègbè Orchid, ó wó ilé àti ògiri tó ní wọ́n kọ́ dí ojú ọ̀nà omi. Nínú àwọn onílé náà, àwọn kan ní àwọn gba ìwé àṣẹ kí àwọn tó kọ́lé. Bí ìwé náà bá jẹ́ ojúlówó, a jẹ́ pé ọwọ́ tó fọwọ́ sí i náà ló padà wá wó o.