Òkú Ọlọ́kùú Kì í Ṣe Ọjà

Ẹ̀yin ará, ìkọlù 11 September 2001 pa èèyàn 2,977 ní Amẹ́ríkà. Ilé gogoro méjì wó ní New York. Lọ́dún 2016, Miracle Mattress ní Texas fi ọjọ́ ìrántí yẹn polówó ẹ̀dínwó. Nínú fídíò wọn, wọ́n to fóòmù bí òpó méjì, ọkùnrin méjì ṣubú lù ú, ó wó lulẹ̀. Háà! Òkú ọlọ́kùú ni wọ́n fi ń pe oníbàárà o. Aráyé bínú, ọ̀gá wọn tọrọ àforíjì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

A ò ní kí oníṣòwò má rántí o. Òṣìṣẹ́ Cantor Fitzgerald 658 ló kú nínú ọ̀kan lára ilé gogoro yẹn. Lọ́dọọdún, tí ìrántí bá dé, iṣẹ́ àánú ni iléeṣẹ́ náà ń fi owó tí wọ́n pa lọ́jọ́ kan gbáko ṣe. Kò wọ àpò wọn.