Ta Ni Ó Ni Egungun Maastricht?

Ní ìlú Maastricht, ní gúúsù ilẹ̀ Nẹ́dálándì, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè Pétérù Mímọ́. Òkúta ẹfun ni òkè náà, àwọn ará ìlú sì ti ń wa òkúta ìkọ́lé nínú rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Láàárín ọdún 1770 sí 1780, àwọn awakùsà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ihò òkè yìí kan orí ẹranko ńlá kan tí eyín kún àgbọ̀n rẹ̀. Egungun náà ti di òkúta.

Ẹranko wo nìyí? Johann Leonard Hoffmann, oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọ ogun, tí ó fẹ́ràn láti máa kó irú egungun bẹ́ẹ̀ jọ, ní ọ̀nì ni. Petrus Camper, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara, ní àbùùbùtán ni. Nígbà tí ó di ọdún 1799, Adriaan ọmọ Camper tako baba rẹ̀: ó ní ìdílé alángbá ni, ó sì bá awọ́nríwọ́n tan. Ní 1808, Georges Cuvier, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, gbe Adriaan lẹ́yìn. Ẹ̀rí kan tí ó ṣe pàtàkì ni pé ẹranko náà ní eyín mìíràn ní àjà ẹnu, yàtọ̀ sí ti àgbọ̀n. Ọ̀nì kò ní irú rẹ̀. Àwọn alángbá kan àti ejò ní i.

Àbáyọrí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí Ẹlẹ́dàá bá ti dá kò lè pa run pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sí alángbá inú òkun tí ó tó bẹ́ẹ̀ níbìkan láyé mọ́. Irú egungun báyìí wà lára ohun tí Cuvier fi jẹ́rìí pé odidi ẹ̀yà ẹranko lè kú àkúrun. Ní 1822, William Conybeare sọ ẹranko náà ní Mosasaurus, èyíinì ni alángbá odò Meuse. Lónìí a mọ̀ pé ó lè gùn ju mítà 10 lọ, àti pé irú wọn run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn.

Bí ọ̀rọ̀ egungun ṣe yanjú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni kò tètè yanjú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1794, àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun Maastricht. Wọ́n gba egungun náà lọ́wọ́ àlùfáà Theodorus Godding, wọ́n sì gbé e lọ sí Párísì. Faujas de Saint-Fond, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, wá kọ ìwé. Ó ní Hoffmann ni ó ni egungun náà tẹ́lẹ̀, pé Godding ni ó fi ẹjọ́ gbà á nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti wà á. Ó fi kún un pé ìgò wáìnì 600 ni wọ́n ṣèlérí fún ọmọ ogun tí ó bá rí i. Ìtàn náà dùn, ayé sì gbà á gbọ́. Hoffmann kò sí láyé láti sọ tirẹ̀. Ó ti kú ní 1782.

Àwọn òpìtàn tí wọ́n tú ìwé àtijọ́ wò lẹ́yìn náà kò rí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kankan. Ohun tí wọ́n rí fi hàn pé Godding ni ó ni egungun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Gideon Mantell fún ẹranko náà ní orúkọ kejì ní 1829, Hoffmann ni ó fi sọrí, ó pè é ní hoffmannii. Egungun náà ṣì wà ní Párísì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà. Ní 1930, W. E. Swinton ṣàpèjúwe egungun ẹbí ẹranko yìí láti agbègbè Ṣókótó, níbi tí òkun ti bo ilẹ̀ rí. Ó pè é ní Mosasaurus nigeriensis. Ní 1972, Azzaroli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí i padà sí Goronyosaurus, láti inú orúkọ Goronyo. Àtúnyẹ̀wò ni ó tún orúkọ náà ṣe.

Àtúnyẹ̀wò kan náà ni ó yẹ ìtàn. Wọ́n pe egungun Maastricht ní ọ̀nì, wọ́n pè é ní àbùùbùtán, kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹnu ẹni tí ó kó ẹrù lọ nìkan ni ayé ti gbọ́ ìtàn ẹni tí ó ni ẹrù. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn.