Níbo Ni Òkúta Ìrántí Kírìjì Wà?

Ìtàn ilé ni mo gbé wá lónìí.

Bí ẹ bá dé Adó-Èkìtì, ẹ ó rí ère Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1966. Ọmọdé tó bá kọjá níbẹ̀ á béèrè pé ta nìyẹn. Iṣẹ́ ère nìyẹn: kí ẹni tí kò mọ̀ lè béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, sí Odò-Ọwá àti àwọn ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò. Ogun Kírìjì kan agbègbè yìí gbọ̀ngbọ̀n, ọdún 16 gbáko, láti 1877 dé 1893. Ìbàdàn ló ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn ajẹ́lẹ̀ ń gba ìsìn, wọ́n sì ń fipá kó ohun tí kò tọ́ sí wọn. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí kọ̀ fún wọn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ṣáájú ogun, àwọn ọmọ ilé tó wà ní Èkó sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Ìró ìbọn ńlá lórí òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó ní 1885, ogun kò tíì parí.

Ní 1886 wọ́n ṣe ìwé àlàáfíà. Orúkọ Ajerò ti Ìjerò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Ọwá Iléṣà, Ọ̀ọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn àti Olójùdó Ìdó. Èkìtì gba òmìnira. Àmọ́ Ọ̀tan, Ìresì, Àdá àti Ìgbájọ á ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wọn, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ rò ó wò: kí èèyàn fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àlàáfíà. Ta ló gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún irú wọn?

Lónìí, Òkè-Ìmẹ̀sí wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ọ̀ṣun. Ìpínlẹ̀ tó bá dá pátákó rì, ìdajì ìtàn ló kọ síbẹ̀.

Ní tèmi, ẹ má dúró de ìjọba. Orúkọ àdúgbò ni ìrántí, oríkì ilé ni ìrántí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n ń lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tan rẹ́kọ́dà, kẹ́ ẹ bi màmá àgbà pé: Ta ló lọ sógun nílé wa? Ta ni kò padà? Ta ló sá wá bá wa gbé? Ìbéèrè kẹta ló ṣòro jù, torí Yorùbá kì í fẹ́ fi orísun ẹni bú ẹni. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n, ẹ sì ní sùúrù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ déètì, orúkọ ìlú àti orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́ ọn, kó má baà di ohùn tí a ò mọ olóhùn.

Ó dìgbà kan ná o.