Ọ̀rẹ́ Orí Facebook àti Ọ̀rọ̀ Oníbàárà: Bí A Ṣe Lè Kọ Ìlànà Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin ní Yorùbá

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ìlànà nípa bí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣe gbọ́dọ̀ máa lo ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni yóò fún òun ní wàhálà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Facebook ń jẹ́ Facebook, fídíò ń jẹ́ fídíò, ayélujára sì ti mọ́ wa lẹ́nu. Ìwé èdè-ìperí ìṣòfin tí NERDC, àjọ ìwádìí ẹ̀kọ́ ti Nàìjíríà, gbé jáde ní 1991, ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, ti tọ́ka sí bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣáájú Facebook. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti kékeré gan-an ló ń dá akọ̀wé dúró.

Èèyàn lè bi mí pé kí ni Yorùbá ń wá níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ òfin láti yunifásítì títí dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà ní Bwari. Ìdí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn yunifásítì wa kan ní ibùdó ìrànwọ́ òfin, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò lówó agbẹjọ́rò lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ ilẹ̀, gbèsè, ìjà tọkọtaya. Bí ìyá ọlọ́jà kan bá jókòó síbẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ láti gbé e sójú òpó ilé-ìwé, èdè wo ni wọn yóò fi tọrọ àyè?

Àwọn kan ń pe ohun tí wọ́n ń tọrọ yẹn ní ìfọwọ́sí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí a bá ti sọ pé kí mọ̀lẹ́bí wa fọwọ́ sí nǹkan, ìka ló máa ń nà wá síbi tádàá, ìwé tí kò kà ni yóò sì tẹ̀. Ìyọ̀ǹda ni mo yàn, torí ẹni tó yọ̀ǹda mọ ohun tó fi sílẹ̀, ó sì lè ní òun ò ṣe mọ́. Ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ń fẹ́ náà nìyẹn: ìdákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ẹni tó sì ti yọ̀ǹda lè yí ọkàn padà.

Àṣírí ló le jù. Abala 192 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò sọ ohun tí oníbàárà bá a sọ síta, àfi tí oníbàárà bá gbà á láyè. Tí a bá kọ ọ́ sínú ìlànà akẹ́kọ̀ọ́ pé “ẹ má tú àṣírí oníbàárà,” a ti ṣì í kọ. Létí Yorùbá, àṣírí sún mọ́ ohun ìtìjú. Ohun tí ń tú, tí ń bò, tí a ń bẹ Ọlọ́run kó má tú ni. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wá rò pé bí kò bá ti sí ìtìjú nínú ẹjọ́ kan, òun lè sọ ọ́ sórí WhatsApp. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pé ìyá ọlọ́jà náà tilẹ̀ wá sí ibùdó lásán, ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ jáde ni. Mo fara mọ́ “ohunkóhun tí oníbàárà fi lọ̀ wá.” Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ náà ní tirẹ̀. Ní 2018, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà, pín sí 4 àti 3 lórí bóyá ó yẹ kí adájọ́ yọwọ́ nínú ẹjọ́ nítorí pé òun àti agbẹjọ́rò kan jẹ́ ọ̀rẹ́ lórí Facebook. Àwọn mẹ́rin ní ìyẹn nìkan kò tó. Yorùbá ní ojúlùmọ̀, èyí tí ì bá ti gba gbogbo wọn lọ́wọ́ àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é bẹ́ẹ̀? Ká máa kọ “ọ̀rẹ́ orí Facebook” délẹ̀, ká má gé e kúrú. Ọmọlẹ́yìn ní tirẹ̀, mo fi sílẹ̀ fún àwọn wòlíì. “Àwọn tó ń tẹ̀lé e” ti tó.

Ibi tí ìlànà ti ń di òfin ni gbọ́dọ̀, yẹ àti lè. “Kò yẹ” lẹ́nu àgbà lè dun ọmọ ju “kò gbọ́dọ̀” lọ, ṣùgbọ́n níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, akẹ́kọ̀ọ́ òfin yóò ní ìmọ̀ràn lásán ni. Nítorí náà, ibi tí ìjìyà bá wà nìkan ni kí gbọ́dọ̀ wà. Lè tún ń dani láàmú, torí agbára ni, àyè ni, àfàìmọ̀ ni. Bí a bá ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti sọ èrò rẹ̀ lórí ìdájọ́ tó ti jáde, ká kọ “ó ní ẹ̀tọ́ láti,” bí abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti fún un.

Ó ku pa rẹ́. Ohun tí a bá pa rẹ́ lójú pátákó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè ti ya àwòrán ohun tí a pa rẹ́ lórí fóònù, ó sì lè di ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí: “Bí o bá ti kọ ohun tí kò yẹ nípa ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, sọ fún olùkọ́ rẹ kí o tó yọ ọ́ kúrò.”